Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin gẹ́gẹ́ bí Agbẹjọ́rò Ọmọdé ní Amẹ́ríkà

Ìlú Chicago ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá ilé-ẹjọ́ ọmọdé sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1899. Èrò wọn ni pé kí adájọ́ ṣe bí bàbá fún ọmọ tó ṣìwà hù, kí ó tọ́ ọ sọ́nà dípò kí ó fìyà jẹ ẹ́. Nígbà tí adájọ́ sì ti di bàbá, kí ni ọmọ ń fi agbẹjọ́rò ṣe?

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1964, ní ìpínlẹ̀ Arizona, wọ́n mú Gerald Gault, ọmọ ọdún 15, nítorí pé aládùúgbò kan ní ó sọ ìsọkúsọ sí òun lórí tẹlifóònù. Àwọn òbí rẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Kò sí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wọn. Olùfisùn kò yọjú sí ilé-ẹjọ́, wọn kò kọ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ sílẹ̀, ọmọ náà kò sì ní agbẹjọ́rò. Síbẹ̀, adájọ́ ní kí ó wà ní àhámọ́ ilé ìtọ́nisọ́nà títí yóò fi pé ọmọ ọdún 21. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ni, owó ìtanràn tí kò ju dọ́là 50 lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 2 lọ, ni ìjìyà rẹ̀. Yorùbá ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Adájọ́ yìí kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnu olùfisùn.

Ní ọdún 1967, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé ìdájọ́ náà, ó sì ní bí ẹjọ́ bá lè gba òmìnira ọmọ, ọmọ náà ní ẹ̀tọ́ sí agbẹjọ́rò, kódà bí òbí rẹ̀ kò bá lówó. Ẹ̀tọ́ dé, agbẹjọ́rò kò tó. Ibi àlàfo yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbà wọlé. Ní ọdún 1969, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà gbé àwòṣe òfin kan jáde, pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ti lo sáà ẹ̀kọ́ 4 lè rojọ́ fún aláìní, bí oníbàárà bá fọwọ́ sí i, tí agbẹjọ́rò àgbà sì ń bójú tó o.

Àǹfààní akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ẹjọ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í pọ̀. Ó lè ráyè lọ bá olùkọ́ ọmọ náà, kí ó sì jókòó ti ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n a rí ewu àtijọ́ nínú rẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ tí àánú ṣe lè fẹ́ di òbí, kí ó máa sọ ohun tó rò pé ó dára fún ọmọ dípò ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ fẹ́. Ewu kejì kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹjọ́ lè pẹ́ ju sáà ẹ̀kọ́ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gboyè lọ, ọmọ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn.