Ọkàn Tuntun fún Land Rover Àgbà

Bí ẹ bá rí Land Rover tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tó ń fa ẹrù gun òkè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, ẹ má kàn wo ara rẹ̀. Ẹ béèrè ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá wáyé ti kúrò nínú wọn, tí òmíràn sì ti wọlé. Yíyan òmíràn yìí ní ìtàn tirẹ̀.

Maurice Wilks, ọ̀gá ẹnjiníà ilé iṣẹ́ Rover, ní ilẹ̀ oko ní Anglesey, ní Wales. Jíípù tí àwọn ológun lò lójú Ogun Àgbáyé Kejì ló fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òun àti Spencer, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, rò ó pé àwọn náà lè ṣe irú ẹ̀. Ní ọdún 1948, wọ́n pàtẹ Land Rover ní Amsterdam. Pẹtiróòlù ló ń mu.

Ọdún 1957 ni ẹ́ńjìnnì dísù, oní-lítà 2, wọ inú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní pílọ́ọ̀gì tó ń ṣáná: á fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí á fi gbóná kọjá ààlà, epo tó bá kàn án á sì gbiná. Nígbà tó di 1961, wọ́n sọ ọ́ di lítà 2.25, agbára ẹṣin 62. Kì í mu epo jù, ó sì ń fa ẹrù. Àmọ́ tó bá di ojú títì, háà! Gbogbo mọ́tò ní í kọjá lára ẹ̀.

Ní 1989, Discovery jáde pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 200Tdi: lítà 2.5, agbára ẹṣin 111, túbò sì ń ti afẹ́fẹ́ sí i nínú. Ta ló ní 62 tó rí 111 tí kò ní yọ̀? Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí àwọn mẹkáníìkì fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ọmọ ilé kan náà ni. Láti ara ẹ́ńjìnnì 1957 ni wọ́n ti ń tún un ṣe bọ̀, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ibi tí ti àtijọ́ jókòó sí mu. Ara Discovery sì tètè ń dípẹtà nígbà tí ẹ́ńjìnnì inú ẹ̀ ṣì le koko. Ẹni tó bá ń wá àlòkù kì í rìn jìnnà.

300Tdi ti 1994 náà dára, àmọ́ ìjókòó rẹ̀ yàtọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Td5 ti 1998 lágbára jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ń darí epo rẹ̀. Bó bá kú sínú igbó, sípánà nìkan ò lè jí i.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Gíábọ́ọ̀sì mọ́tò àgbà, ọ̀pá irin tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, àti bíréèkì rẹ̀, agbára kékeré ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ọ̀pá yẹn tètè ń kán bí agbára bá pọ̀ jù. Ẹni tó fi 111 sí ibi tí 62 wà, tí kò fọwọ́ kan bíréèkì, kò tún mọ́tò ṣe. Ewu ló gbé sójú títì. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù ni ká yàn, bí kò ṣe èyí tí mọ́tò náà lè gbé, tó sì lè dúró.