Ọdún Méjì Ààbọ̀: Ọjọ́ Mélòó Ni?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ní ọdọọdún, tí ọjọ́ 19 oṣù kẹfà bá ti kò, wọ́n á ṣe ayẹyẹ Juneteenth ní Richmond níbí, lẹ́bàá odò Brazos, àti ní Houston tó múlé tì í. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, wọ́n á ní àwọn ẹrú Texas kò gbọ́ ìròyìn òmìnira àfi lẹ́yìn ọdún méjì ààbọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn yá lẹ́nu jù. Ẹ jẹ́ ká ṣẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́.

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1863 ni Ààrẹ Abraham Lincoln kéde òmìnira fún àwọn ẹrú tó wà ní àwọn ìpínlẹ̀ tó ń bá ìjọba àpapọ̀ jagun. Ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 1865 ni Ọ̀gágun Gordon Granger tó kéde rẹ̀ ní Galveston. Ọdún méjì, oṣù márùn-ún àti ọjọ́ 18 nìyẹn. Ẹ sọ ọdún di oṣù: oṣù 29 àti ọjọ́ 18. Ọjọ́ ńkọ́? Ọdún 1863 ní ọjọ́ 365, 1864 ní 366, ti 1865 sì jẹ́ 169. Ẹ ro ó pọ̀: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ọjọ́, 900 géérégé! Ní agbègbè Richmond yìí, oko ìrèké àti oko owú ni wọ́n fi ọjọ́ wọ̀nyẹn ṣiṣẹ́, láìgba kọ́bọ̀.

Ká ní àgbàlagbà Yorùbá ìgbà náà ló ń kà á, ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ni yóò lò: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Ṣàngó. Ọ̀sẹ̀ 225 ni, kò ṣẹ́ kù rárá. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje á fún wa ní 128, á sì ku ọjọ́ mẹ́rin. Tó bá jẹ́ oṣù ojú ọ̀run ni, ó lé ní 30, torí oṣù ọ̀hún kì í ju bí ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ààbọ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti máa ń ṣì í nìyí o. Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wo ìjẹta: òní, àná, ìjẹta, ó di mẹ́ta. Ọjà tó ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ọjà ọrún là ń pè é. Ti ìtàdógún, ọjọ́ 16 ló wà láàárín. Òun náà ló fà á tí "ọjọ́ mẹ́jọ òní" fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan péré. (Ẹnìkan nínú yín ti tìtorí ẹ̀ pàdánù ìpàdé rí, mi ò dárúkọ.) Nítorí náà, 901 ni àgbàlagbà wa á pè é, kò sì ṣì í kà.

Àwọn olówó ẹrú kan tiẹ̀ fi ìròyìn náà pamọ́ títí wọ́n fi kórè tán. Ti àwọn ẹrú wọn kọjá 900.

Texas sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ ìsinmi láti ọdún 1980. Ìjọba àpapọ̀ ò ṣe é àfi ní 2021. Ẹ bá mi sọ ìyẹn náà di oṣù.