Ọ̀sẹ̀ Tí Kò Ní Ọdún

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wa: ọdún. Oṣù 12 ni ọdún, àjọ̀dún náà sì ni ọdún. A máa ń sọ pé ọdún Kérésì ti dé, a tún máa ń sọ pé ọdún yìí le o. Kí wá ni ká pe àwọn ọ̀sẹ̀ tí kò sí ọdún kankan nínú wọn? Ó pẹ́ gan-an kí ìjọ Kristẹni tó fún wọn ní orúkọ tiwọn.

Láyé àtijọ́, ẹ̀yìn ọdún míì ni wọ́n máa ń tò wọ́n sí. Àwọn Kátólíìkì ní Ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn Ẹpifánì, wọ́n sì ní ti ẹ̀yìn Pẹ́ńtíkọ́sì. Ìwé Àdúrà àwọn Áńgílíkà, tó kọ́kọ́ jáde ní 1549, ń ka apá kejì yìí láti Mẹ́talọ́kan. Ẹni tó bá dàgbà sínú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà nílẹ̀ Yorùbá ti gbọ́ ọ rí: Ọjọ́ Ìsinmi kẹwàá lẹ́yìn Mẹ́talọ́kan. Ó dà bí obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Táyọ̀. Iyì ni lóòótọ́, àmọ́ orúkọ ọmọ ni wọ́n ń pè.

Ìṣòro míì tún wà. Ọdún Àjíǹde kì í dúró lójú kan: ó lè bọ́ sí 22 oṣù Kẹta, ó sì lè pẹ́ di 25 oṣù Kẹrin. Tó bá yá, Ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn Ẹpifánì á dín kù, ti ẹ̀yìn Mẹ́talọ́kan á lé sí i. Ìwé Àdúrà ti 1662 ní kí wọ́n yá lára àwọn tí wọ́n fò lẹ́yìn Ẹpifánì láti fi dí àlàfo náà.

Nígbà tó di 4 oṣù Kejìlá 1963, ìpàdé ńlá Vatican Kejì ní kí wọ́n tún kàlẹ́ńdà ṣe. Póòpù Paul Kẹfà fọwọ́ sí èyí tuntun ní 14 oṣù Kejì 1969, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 oṣù Kìíní 1970. Wọ́n so apá méjèèjì pọ̀, wọ́n sì fún wọn ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, láti 1 dé 34. Orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn ni tempus per annum, ìyẹn àkókò jálẹ̀ ọdún. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ló pè é ní Ordinary Time, làwọn èèyàn bá rò pé àkókò lásán ni. Kò sí "lásán" nínú ti Látìn yẹn rárá.

Àwa tá à ń kọ kóòdù jẹun, bí kíkà náà ṣe ń ṣiṣẹ́ dùn mọ́ wa. Ní 2025, ọ̀sẹ̀ 8 parí ní 4 oṣù Kẹta, nítorí Lẹ́ǹtì wọlé lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí kíkà tún bẹ̀rẹ̀ ní 9 oṣù Kẹfà, ọ̀sẹ̀ 10 la bá! Ọ̀sẹ̀ 9 dà? Àṣìṣe kọ́ o. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń kà á bọ̀, kí ọ̀sẹ̀ 34 lè máa ṣáájú Ádífẹ́ǹtì nígbà gbogbo. Ọdún tí kò bá gba 34, wọ́n á fo ọ̀kan láàárín.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé ohun kan sọnù: kíkà láti Pẹ́ńtíkọ́sì máa ń rán èèyàn létí ibi tí agbára ti ń wá. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ Áńgílíkà ò sì fi Mẹ́talọ́kan sílẹ̀ títí dòní.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí àtúntò 1969 fi sínú àwọn ọ̀sẹ̀ yìí. Mátíù lọ́dún kan, Máàkù lọ́dún kejì, Lúùkù lọ́dún kẹta, wọ́n ń kà wọ́n tẹ̀ léra lọ́jọ́ Ìsinmi. Nínú ìtàn wọ̀nyẹn, Jésù ò sí ní ibùjẹ ẹran, kò sì tíì dé orí àgbélébùú. Ó ń rìn, ó ń jẹun nílé onílé, ó ń wo aláìsàn sàn, ó ń pàlọ́ ọ̀rọ̀ fún àwọn èèyàn. Ibẹ̀ nìgbésí ayé tiwa náà wà: ọ̀sẹ̀ 33 tàbí 34 nínú 52, iṣẹ́, owó ilé, ìpè sí màmá nírọ̀lẹ́.

Tí ọdún bá dé, a máa ń kí ara wa pé ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ìyè yẹn, inú àwọn ọ̀sẹ̀ tí kò ní ọdún la ti ń rí i.