Àwòrán Ilé, Ẹ̀rí Ìtàn

Ní ọdún 1930, Albert Kahn, oníbáǹkì ará Faransé, rán ayàwòrán Frédéric Gadmer wá sí Dàhòmì. Gadmer bá àlùfáà Francis Aupiais, tí ó ti pẹ́ ní Àjàṣẹ́, ṣiṣẹ́, ó sì ya àwòrán aláwọ̀ sórí àwo gíláàsì. Kahn fẹ́ kí ìgbé ayé tí ọ̀làjú fẹ́ gbá lọ ní ẹ̀rí.

Lóde òní, àwọn alágbàtà náà ń ya ilé ní Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí olùrà fẹ́ rí ni wọ́n ń yà: ìbú ilẹ̀, ẹnu ọ̀nà, ojú títì. Bí ilé Àgùdà bá wà níbẹ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tí àwọn tí ó ti Bràsíìlì dé fi ọnà òdòdó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni a sábà ń dá iye lé. Bí a bá tà á tán tí a sì wó o, àwòrán ọjà náà lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́ kù.

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́: kí ẹbí tó tọwọ́ bọ ìwé títà, ẹ ya iwájú ilé, àtẹ̀gùn, fèrèsé àti ọnà ara ògiri. Ẹ kọ orúkọ ìdílé, àdúgbò àti ọdún sí i. Àwòrán tí kò ní orúkọ, àjèjì ni lójú ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn.