Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Tó Ń Gbóná Jù

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi kò ní rádíétọ̀. Omi tí ọkọ̀ léfòó lé lórí gan-an ni wọ́n ń fà sínú láti fi mú ara tutù. Bí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ bá gbóná jù, omi ni kí awakọ̀ kọ́kọ́ fura sí, kó tó fura sí irin.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ ni àwọn ihò tóóró tí omi ń gbà wọlé wà. Lókè wọn ni pọ́ǹpù wà, níbi tí ohun onírọ́bà tí wọ́n ń pè ní impeller ti ń yí, tó sì ń ti omi gba páìpù lọ sókè. Omi á yí sìlíńdà ká, èyí tó pọ̀ á bá èéfín padà sódò, díẹ̀ á sì máa tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì bí ìtọ̀ ọmọdé. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ kì í pẹ́ kó tó bojú wẹ̀yìn wò ó.

Bí omi yẹn bá dáwọ́ dúró lórí ọ̀sà Èkó, ohun tó fà á sábà máa ń wà nítòsí: ọ̀rá píọ́ wọ́tà, okùn àwọ̀n, tàbí water hyacinth, ewéko àjèjì tó gba odò Badagry wọlé ní 1984, tí kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ ojú oró tàbí òṣíbàtà tiwa. Kí awakọ̀ ju ìdákọ̀ró, kó pa ẹ́ńjìnnì, kó gbé e sókè, kó sì fọwọ́ yọ pàǹtí kúrò. Kí ó má da omi tútù lé irin gbígbóná lórí o.

Nígbà mìíràn, ojú ihò ìtújáde nìkan ló dí. Ẹrẹ̀ tàbí ilé kòkòrò lè wà níbẹ̀, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ á sì ṣí i.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ impeller. Bí ẹnikẹ́ni bá tan ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ láìfún un lómi, kíá ni rọ́bà yóò jóná. Ibi tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń ṣe àṣìṣe ni pé wọ́n á fi tuntun sí i láìka iye apá rọ́bà tó kù lára ti àtijọ́. Apá tó já ti bá omi gòkè, yóò sì dí ọ̀nà níbòmíràn. Owó impeller kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó písítìnì.

Omi lè máa tú dáadáa síbẹ̀ kí fèrè ìkìlọ̀ máa dún, nítorí ìtújáde ń fi hàn pé pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ ni, kò fi hàn pé gbogbo ọ̀nà inú ló mọ́. Iyọ̀ òkun lè ti gbẹ mọ́ wọn lára, tàbí kí tẹmosítáàtì, ìlẹ̀kùn omi tí ooru ń ṣí, má ṣí mọ́. Láti dán tẹmosítáàtì wò, wọ́n á rì í sínú ìkòkò omi tó ń móoru. Ọ̀pọ̀ tẹmosítáàtì ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín 50°C sí 60°C. Ti iyọ̀ ní tirẹ̀, omi tí kò níyọ̀ ni kí wọ́n fi ṣan inú ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn ìrìn àjò òkun kọ̀ọ̀kan.

Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n so ga jù yóò máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ omi. Èyí tí ọ́ìlì kò tó nínú epo rẹ̀ náà yóò gbóná, bí omi tilẹ̀ ń tú.

Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kí mẹkáníìkì wọn agbára ìfúnpọ̀ inú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá rẹlẹ̀ gan-an sí èkejì, gáskẹ́ẹ̀tì lè ti jó, tàbí kí písítìnì ti ha.