Ti Ọrùn Ẹni Tí Yóò Dáni Láṣọ

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa, tí wọn kì í sọ̀rọ̀ láìwò ó síwá sẹ́yìn, a máa wí pé ẹni tí yóò dáni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ìtumọ̀ òwe náà kò fara sin: ẹni tí ó ń ṣèlérí aṣọ fún ọmọ ẹlòmíràn nígbà tí àkísà wà lọ́rùn òun alára, kò ní ohun tí yóò fi mú ìlérí náà ṣẹ. Ṣùgbọ́n ó ní apá kejì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí, èyíinì ni pé aṣọ a máa gbó. Ìbáà ṣe ẹtù, ìbáà ṣe sányán ni ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dá a, bí ọdún bá ti ń gorí ọdún tí a kò sì dá òmíràn kún un, ọjọ́ ń bọ̀ tí kò ní ṣe é gbé jáde lóde mọ́. Èmi kò mọ iṣẹ́ tí òwe yìí bá mu tó iṣẹ́ tíṣà tí ń kọ́ ọmọ Yorùbá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá wà lẹ́nu tíṣà náà ni àwọn ọmọ yóò gbé relé.

Àwọn baba wa kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú kíkọ́ tíṣà níṣẹ́. Láti 1896 tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà, St Andrew's College, ti fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀yọ́, àti 1905 tí irú rẹ̀, Wesley College, bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹni tí yóò kọ́ni ní láti kọ́kọ́ jókòó kí a kọ́ òun náà. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní January 1955, tí ọmọ tí ó lé ní 800,000 ya wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ńlá tí ìran wa kò ní gbàgbé ni wọ́n ṣe; àmọ́ àwọn ọmọ pọ̀ ju tíṣà lọ, ó sì di dandan kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò tíì gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ó jìyà rẹ̀ jù.

Ẹ wo ọmọ tí ó kọ ọ́ sínú àròkọ pé "I heard the smell of the soup", tàbí tí ó ń ròyìn àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ó sì ń pè é ní "he". Tíṣà tí a kò kọ́ yóò fa yíǹkì pupa sí i gàlègàlè, bóyá yóò tilẹ̀ pè é ní olódo. Ẹni tí ó gbẹ̀kọ́ mọ̀ pé ọmọ náà kò gọ̀ rárá: òórùn gbígbọ́ ni à ń gbọ́ nílé wa, "ó" kan náà ni a sì ń lò fún àbúrò ọkùnrin, àbúrò obìnrin àti ewúrẹ́. Nítorí náà kò ní bínú. Yóò pe ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan jáde síwájú kíláàsì, yóò sì mú kí àwọn yòókù máa sọ ohun tí olúkúlùkù wọ̀ àti ohun tí ó ń ṣe, títí "he" àti "she" yóò fi mọ́ wọn lẹ́nu. Ní ti pípè sì ńkọ́? Bí tíṣà fúnra rẹ̀ bá ń pe "ship" àti "sheep" bákan náà, níbo ni ọmọ yóò ti gbọ́ ìyàtọ̀?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ rí ọ̀rọ̀ yìí kedere nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́ ní 1970. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń rántí níbẹ̀ ni pé èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ yòókù dé kíláàsì kẹfà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé wọn kò da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ ẹrù tíṣà kíláàsì. Tíṣà tí ó mọ̀ nípa kíkọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè kejì ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n sì yẹ iṣẹ́ náà wò, àwọn ọmọ wọ̀nyí kò gbẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Èmi gbà pé ọwọ́ tíṣà náà wà nínú àṣeyọrí yẹn ju bí a ti ń kà á sí lọ.

Lónìí, NCE ni ìwé-ẹ̀rí tí ó kéré jù fún tíṣà, òfin 1993 sì gbé àjọ TRCN kalẹ̀ láti máa forúkọ àwọn tíṣà sílẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí tí a gbà ní ogún ọdún sẹ́yìn kò lè máa tún ẹnu ẹni ṣe. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Lójú tèmi, ọ̀nà tí ó sàn jù ni kí tíṣà máa jókòó sẹ́yìn kíláàsì tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó máa gbọ́ bí ó ti ń pe ọ̀rọ̀ àti bí ó ti ń tọ́ ọmọ sọ́nà. Olórí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ èyí kò ní láti dúró de owó ìjọba. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ ni kí ó yọ sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́ tíṣà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò, kí wọ́n kọ́kọ́ yìn ín fún ohun tí ó ṣe dáadáa, kí wọ́n tó mẹ́nu kan èyí tí ó kù díẹ̀ káàtó, kí ó lè fi tọkàntọkàn gbà wọ́n wọlé lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀.