Àdéhùn Láàárín Àwọn Aṣojú Inú Kọ̀ǹpútà

Ní àwùjọ Yorùbá àtijọ́, ẹni tí ó yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ ìwọ̀fà ni èlé, gbèsè gan-an sì wà lọ́rùn onígbèsè títí yóò fi san án. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tí ó jẹ gbèsè. Báwo wá ni ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà tí àwọn tí ó ń ṣe àdéhùn jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí a rán níṣẹ́, tí wọ́n sì ń dá pinnu?

Nínú ìlànà tí Reid G. Smith gbé jáde ní 1980, kọ̀ǹpútà tí ó ní iṣẹ́ yóò kéde rẹ̀, àwọn yòókù yóò sọ ohun tí wọ́n lè ṣe, olùkéde yóò sì yan ọ̀kan. Ẹni tí a yàn lè tún pín nínú iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, bí àwọn kọngílá ti í ṣe. Ṣùgbọ́n Smith gbà pé ète kan náà ni gbogbo wọn ń lé. Kò sí ìyà fún ẹni tí ó bá yẹ àdéhùn. Ní nǹkan bí 1995 ni Tuomas Sandholm àti Victor Lesser fi ìtanràn kún un: aṣojú lè yọwọ́, bí ó bá san iye tí a fẹnu kò sí.

Kí ni "gbọ́dọ̀" jẹ́ fún kọ̀ǹpútà? Ní 1951, G. H. von Wright, ọmọ ilẹ̀ Finland, fi ìlànà lọ́jíìkì lélẹ̀ fún dandan, àyè àti èèwọ̀. Nínú ìlànà rẹ̀, ìyísódì dandan kì í ṣe èèwọ̀. Èdè wa ń kọ́? Ìyísódì "Adé gbọ́dọ̀ lọ" ni "Adé kò gbọdọ̀ lọ", èyí tí í ṣe èèwọ̀ gan-an. Bí a bá fẹ́ ìtumọ̀ ti von Wright, "kò pọndandan kí Adé lọ" ni a óò wí. Bákan náà, "lè" wa ń ṣiṣẹ́ fún agbára àti fún àyè.

Agbára àti àyè yìí gan-an ni ó dá ìjà sílẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà, 2016. The DAO jẹ́ àpò owó tí ètò kọ̀ǹpútà ń darí lórí Ethereum. Ètò náà máa ń san owó kí ó tó yọ ọ́ nínú ìṣirò. Ẹnìkan rí i, ó ń béèrè léraléra kí ìṣirò tó bá a, ó sì fa ether tí ó lé ní 3,600,000 jáde. Àwọn kan ní ohun tí ètò gbà á láyè ni ó ṣe. Àwọn mìíràn ní olè ni. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, àwọn tí ó pọ̀ jù yí àkọsílẹ̀ padà kí owó lè padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó ni ín. Àwọn tí ó kọ̀ ń bá àkọsílẹ̀ àtijọ́ lọ, èyí tí a mọ̀ sí Ethereum Classic.